Àtọ̀gbẹ Kò Mọ Ọmọdé, Kò Mọ Àgbà, Ṣùgbọ́n Ìtọ́jú Wọn Kò Lè Jẹ́ Ọ̀kan Náà

Àwọn baba ńlá wa ti mọ àrùn yìí kí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dé ilẹ̀ wa. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ fi hàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń tọ̀ lóru, tí ó ń tọ̀ lọ́sàn-án, tí òùngbẹ kò jẹ́ kí ó sinmi, tí ara rẹ̀ sì ń gbẹ lójoojúmọ́ bí ẹni pé kò jẹun, òun ni wọ́n sọ pé àtọ̀gbẹ ń dà láàmú. Wọ́n tún kíyè sí i pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, kì í pẹ́ tí èèrà fi ń bo ojú ibẹ̀. Ojú lásán ni wọ́n fi mọ̀ pé ìtọ̀ náà dùn. Ọgbọ́n ńlá ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n àrùn tí èèrà bá ti lè fi hàn ti rìn jìnnà kí a tó rí i. Ẹni tí ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa lọ sí oko, kí ó máa lọ sí ọjà, kí ó sì máa jó lóde ìnáwó fún ọdún púpọ̀, kí ó má sì mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe òun. Ìṣirò tí Àjọ Àtọ̀gbẹ Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2025 sọ pé ní ọdún 2024, mílíọ̀nù 589 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ogún ọdún sí ọdún 79 ni àrùn yìí wà lára wọn ní gbogbo ayé. Ní apá ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, nínú ẹni mẹ́rin tí ó ní in, nǹkan bí mẹ́ta ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ní in. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n O. O. Akínkúgbé jẹ́ alága rẹ̀ sọ nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1997 pé àrùn náà wà lára nǹkan bí ènìyàn 2 nínú àgbàlagbà 100. Nígbà tí ó fi di ọdún 2018, tí àwọn dókítà ọmọ ilẹ̀ wa kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ tí wọ́n sì ṣírò wọn pọ̀, ó ti sún mọ́ 6 nínú 100.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni a ti sọ lórí àtọ̀gbẹ nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò: ẹ má jẹ ṣúgà, ẹ máa rìn, ẹ máa lo oògùn yín. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé gbogbo ìmọ̀ràn náà ni a ń sọ bí ẹni pé ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo aláìsàn wà. Ẹ wo agbo ilé kan tí bàbá àgbà ẹni ọdún 76 ti ní àtọ̀gbẹ, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ẹni ọdún 52, tí ó jẹ́ olùkọ́, ní in, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ẹni ọdún 29 náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ní in. Irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Inú ìkòkò kan ni oúnjẹ wọn ti ń wá, inú páálí kan ni wọ́n sì ti ń pín oògùn nígbà tí owó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́. Wọ́n rò pé nígbà tí àrùn ti jẹ́ ọ̀kan, ìtọ́jú náà jẹ́ ọ̀kan. Àṣìṣe ńlá ni. Ohun tí ó ń gba ọmọ-ọmọ là lè gbé bàbá àgbà ṣubú ní balùwẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àrùn náà ti ń ṣiṣẹ́. Iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì, búrẹ́dì àti èso, gbogbo wọn ni ara ń sọ di ṣúgà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri. Ṣúgà yìí kò lè dá wọ inú ẹran ara láti di agbára. Ohun kan tí à ń pè ní ínsúlínì ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù ni ó sì ń pèsè rẹ̀. Ní ara àwọn kan, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé tàbí ọ̀dọ́, ẹ̀yà ara náà dẹ́kun iṣẹ́, kò sí ínsúlínì mọ́: èyí ni oríṣi kìíní. Ní ara àwọn yòókù, tí wọ́n pọ̀ jù lọ, ínsúlínì wà, ṣùgbọ́n ara ti di etí sí i, bí ọmọ tí a ń pè tí kò dáhùn: èyí ni oríṣi kejì. Ṣúgà tí kò rí ọ̀nà wọlé yóò kún inú ẹ̀jẹ̀, yóò sì máa ba àwọn iṣan kéékèèké jẹ́, ní ojú, ní kíndìnrín àti ní ẹsẹ̀.

Kí ó tó di ọdún 1922, ikú ni oríṣi kìíní. Ní ọdún 1921 ni Frederick Banting àti Charles Best, ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, rí ọ̀nà láti fa ínsúlínì yọ láti ara ẹranko. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, wọ́n fi gún ọmọkùnrin ẹni ọdún 14 kan tí ó ń jẹ́ Leonard Thompson, ẹni tí kò ku ohun tí ó kù fún un. Ọmọ náà sì tún lo ọdún 13 sí i láyé. Àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ náà ta á fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kan péré ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà di ohun tí olówó nìkan yóò máa rà. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi dọ́là kan yìí sọ́kàn. A óò padà sórí rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ni ó ṣòro láti bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹni ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ kì í gbà. Kò sí ibi tí ń dùn ún. Ó ń wa ọkọ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ó ń ru sìmẹ́ǹtì, ó ń lọ sí ọ́fíìsì. Ó lo oògùn fún oṣù méjì, ó rí i pé ara òun yá gágá, ó sì jù ú sílẹ̀. Ohun tí kò rò ni pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òun àti àrùn yìí yóò fi jọ máa gbé, àti pé gbogbo ọdún tí òun bá fi ṣe àìbìkítà ni ara ń kọ sílẹ̀ bí ìwé gbèsè. Ìwádìí kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba ní ọdún 1977, tí ó sì parí ní ọdún 1997, fi èyí hàn kedere. Aláìsàn 5,102 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ní oríṣi kejì ni wọ́n kó jọ. Láàrin àwọn tí wọ́n tètè mú ṣúgà wọn wálẹ̀ gírígírí, ewu bíbàjẹ́ àwọn iṣan kéékèèké dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé nígbà tí wọ́n tún wo ọ̀rọ̀ wọn ní ọdún 2008, lẹ́yìn tí ṣúgà àwọn ìpín méjèèjì ti di ọgbọọgba, àǹfààní náà ṣì wà lára àwọn tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀. Àrùn ọkàn àti ikú pàápàá dín kù láàrin wọn. Ara a máa rántí oore.

Nítorí náà, líle ni ìtọ́jú ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ le. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà, A1c ni orúkọ rẹ̀, tí í sọ bí ṣúgà ti rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn; ẹni tí ó bá fẹ́ bo irọ́ mọ́lẹ̀ nípa fífi ẹnu mọ́ fún ọjọ́ méjì kí ó tó lọ rí dókítà kò lè tan èyí jẹ. Ọ̀dọ́ tí kò ní àìsàn mìíràn ní láti máa gbìyànjú kí tirẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ó máa jẹ́ kí wọ́n wo inú ẹyin ojú òun lọ́dọọdún, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ òun wò nítorí kíndìnrín, kódà bí ó bá ń ríran bí àwòdì.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí a kì í fẹ́ sọ síta. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi àrùn yìí pamọ́ nítorí ìgbéyàwó. Àwọn òbí ọmọkùnrin yóò wádìí ìdílé kí wọ́n tó gbà kí ọmọ wọn fẹ́ aya, bí wọ́n bá sì gbọ́ pé ìyàwó ń gún abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ lè bàjẹ́. Nítorí náà ọmọbìnrin náà yóò máa gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ nínú ilé ìyàgbẹ́, bí ìyá ọkọ bá sì wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn, yóò fo abẹ́rẹ́ náà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò pèsè ínsúlínì rárá kò lè fo ọ̀sẹ̀ kan kí ó má bọ́ sínú ewu ikú. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí ó ní àtọ̀gbẹ lè lóyún, kí ó sì bí ọmọ tí ó dá ṣáṣá, bí ó bá ti mú ṣúgà rẹ̀ bọ̀ sípò kí oyún náà tó dúró. Bí ó bá jẹ́ inú oyún ni ṣúgà rẹ̀ ti kọ́kọ́ pọ̀, tí ó sì lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, kí ó má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kí ó padà lọ ṣe àyẹ̀wò láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí méjìlá, kí ó sì máa ṣe é lóòrèkóòrè títí ayé rẹ̀. Ìkómọ ni a máa ń náwó sí. Àyẹ̀wò yìí, tí owó rẹ̀ kò tó ti agbo ijó, ni a máa ń gbàgbé.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí, ẹ̀yin àti gbogbo ẹni tí ó wà láàrin ogójì ọdún sí ọgọ́ta. Ọjọ́ orí yìí ni oríṣi kejì ti ń ká ènìyàn púpọ̀ mọ́. Olùkọ́ a máa kúrò nílé láìjẹun, a jẹ búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní àkókò ìsinmi, a sì jẹ òkèlè ńlá ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí ó bá parí ìwé tí ó ń máàkì. Ìdúró níwájú pátákó kò sì jẹ́ ìrìn. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2002 kó ènìyàn 3,234 jọ tí ṣúgà wọn ti fẹ́ máa ga, ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Wọ́n sọ fún ìpín kan pé kí wọ́n dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì máa rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 150 ní ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n fún ìpín kejì ní oògùn metformin. Ìrìn àti oúnjẹ dín iye àwọn tí ó kó sínú àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn dín in kù ní ìdá 31. Àwọn tí wọ́n sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni ìrìn náà ṣe lóore jù, ó tó ìdá 71! Kí àwọn tí ń sọ fún àgbà pé, "Bàbá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó," tún èrò wọn pa.

Òfin ọdún 2022 ti gbé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ lọ sí ọdún 65, tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé olùkọ́ tí ó ní àtọ̀gbẹ yóò wà ní kíláàsì títí di ọjọ́ orí tí ìtọ́jú rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó yẹ kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé mọ èyí. Olùkọ́ tí ń lo ínsúlínì ní láti lè jẹun ní àkókò, kò sì yẹ kí a kà á sí ọ̀lẹ bí ó bá sọ pé kí wọ́n dá òun dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lórí oúnjẹ, asán ni ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Wọ́n ti sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú di oògùn. Wọ́n ń fi í ro àmàlà, wọ́n sì ń gé e ní òkìtì ńlá mẹ́ta, nítorí wọ́n gbọ́ pé "ti oníṣúgà ni". Wọ́n sá fún iyán, wọ́n lọ ra wíìtì, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní ìlọ́po méjì iye iyán tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ṣúgà kò mọ orúkọ òkèlè. Bí òkèlè ti pọ̀ tó ni ó mọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ń rọra tú sínú ẹ̀jẹ̀ ju èyí tí ó pọ́n lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkìtì mẹ́ta náà ṣì jẹ́ òkìtì mẹ́ta. Ọ̀nà tí ó rọrùn ni kí a fi ojú pín àwo oúnjẹ sí mẹ́rin. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì, kí ẹja, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìdá kan nínú mẹ́rin, kí òkèlè tàbí ìrẹsì wá gba ìdá tí ó kù. Fún àwa tí ó jẹ́ pé òkèlè ni a fi ń mọ̀ pé a ti jẹun, ọ̀rọ̀ líle ni èyí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní kí a se oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún aláìsàn. Àwo bẹ́ẹ̀ dára fún gbogbo ilé, a kò sì ní máa wo bàbá tí ó jókòó sí igun pẹ̀lú àwo ẹ̀wà rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi.

Ní ti àgbo, a kò ní bá àwọn tí ń bú ewé wa dá sí i. Metformin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, ewéko kan tí àwọn ará Yúróòpù ń lò láyé àtijọ́ ni ó tọ́ka ọ̀nà rẹ̀ fún àwọn onímọ̀, kí dókítà Jean Sterne tó kọ́kọ́ fi tọ́jú aláìsàn ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1957. Ohun tí a ń sọ ni pé metformin ti gba inú ìwádìí kọjá, a sì mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ìgò àgbo tí wọ́n ń kéde nínú mọ́tò kò tíì gba ibẹ̀ kọjá. Ewúro dára nínú ọbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi omi rẹ̀ rọ́pò abẹ́rẹ́.

Ó wá ku àwọn àgbà, níbẹ̀ ni àṣìṣe wa sì ti burú jù. A ti fi sọ́kàn pé bí ṣúgà bá ti lọ sílẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ó dára tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọdún 2008, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n ní láti dá apá kan ìwádìí ńlá kan dúró kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Aláìsàn 10,251 ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n tó ẹni ọdún 62 ní ìpíndọ́gba, wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu àrùn náà, àwọn mìíràn sì ti ní àrùn ọkàn. Àwọn tí wọ́n fi agídí fa ṣúgà wọn wálẹ̀ gan-an ni ó ń kú ju àwọn tí wọ́n rọra tọ́jú lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn ti ń fi ọjọ́ orí àti ipò ara díwọ̀n ìtọ́jú. Àgbà tí ara rẹ̀ ṣì le, tí ó ń dá lọ dá bọ̀, lè máa wá 7 tàbí 7.5 nínú àyẹ̀wò A1c. Ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, tàbí tí ìrántí rẹ̀ ti ń dín kù, bí tirẹ̀ bá wà ní 8, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má ṣe bá a jà.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ṣúgà tí ó pọ̀ ń pa ènìyàn ní ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún. Èyí tí ó lọ sílẹ̀ jù lè pa á lálẹ́ òní. Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ó ti wà ní ìsàlẹ̀ 70, ewu ti dé. Ní ara ọ̀dọ́, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, òógùn yóò bò ó, ebi yóò máa pa á, yóò sì mọ̀. Àgbà lè má rí èyíkéyìí nínú àmì wọ̀nyí. Yóò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, yóò máa pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú, yóò bínú láìnídìí, yóò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí ó mutí. Àwọn ará ilé yóò sọ pé ogbó ti dé. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ọwọ́ ayé ni, wọn yóò sì gbé e lọ sí ibi tí wọn yóò ti máa gbàdúrà lé e lórí dípò kí wọ́n fún un ní ṣúgà. Mélòó ni ìyá arúgbó ní ilẹ̀ wa tí a ti pè ní àjẹ́ nítorí ohun tí omi ṣúgà ì bá wò sàn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ìbéèrè yìí wúwo, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, tí àgbà náà ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní kúbù ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí ìdajì gíláàsì ọtí ẹlẹ́rìndòdò aládùn. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún wò ó. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà kí ó jẹun gidi. Bí ó bá ti dákú, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé-ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Púpọ̀ nínú ewu yìí, inú páálí oògùn ni ó ti ń wá. Glibenclamide, tí púpọ̀ nínú yín mọ̀ sí Daonil, kò wọ́n, ó sì ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ lára, pàápàá lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ìwé àwọn oògùn pàtàkì tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń tẹ̀ jáde sì sọ pé kò yẹ fún ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Síbẹ̀ a ṣì ń rí i lọ́wọ́ ẹni ọdún 80. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ohun tí ó kà níhìn-ín dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Kí ó gbé páálí náà lọ bá dókítà, kí ó sì béèrè pé, "Ṣé èyí ṣì bá ọjọ́ orí mi mu?"

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Ìyá tí ó ń lo oògùn yìí, tí ó sì ń gba ààwẹ̀ Ramadan tàbí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ti ìjọ rẹ̀, wà nínú ewu ńlá. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún aláìsàn láti jẹun. Bí ó bá takú pé òun yóò gbà á, kí ó rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n bá a pín oògùn náà lọ́nà mìíràn.

Ìtọ́jú ara ẹni ni a ń pè é, ṣùgbọ́n àgbà tí ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn kò lè fa ínsúlínì sínú abẹ́rẹ́ ní ìwọ̀n tí ó tọ́. Ẹni tí ìgbàgbé ń ṣe lè lo oògùn òwúrọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Nítorí náà ọmọ kan nínú ilé gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kì í sì í ṣe nípa pípàṣẹ fún ìyá ẹni bí ọmọ iléèwé. "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí a jọ wo páálí oògùn yín" dùn létí ju "Ṣé ẹ ti tún gbàgbé?" lọ. Kí wọ́n máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fún un lálaalẹ́, nítorí ẹsẹ̀ tí ó ti kú tipiri kì í mọ̀ pé ìṣó ti gún òun, tàbí pé omi gbígbóná ti bó òun; a tilẹ̀ ti rí àwọn tí eku jẹ ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ lójú oorun tí wọn kò jí. Abẹ fífi fá èépá ẹsẹ̀ kò dára. Bàtà tí ó fún kò dára. Egbò kékeré tí kò jinná láàrin ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe ohun tí à ń fi òróró pa lásán.

Àìsí iná mànàmáná tún ń dẹ́rù ba àwọn tí ń lo ínsúlínì. Èyí tí a kò tíì ṣí ni ó yẹ kí ó wà nínú fíríìjì, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di yìnyín. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí ń jẹ́ Médecins Sans Frontières àti Yunifásítì Geneva gbé ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé ínsúlínì tí wọ́n fi sí ibi tí ooru rẹ̀ ń lọ sókè sódò láàrin ìwọ̀n 25 sí 37 kò pàdánù agbára rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìkòkò amọ̀ tí a fi yanrìn tútù yí ká, tí ó wà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, lè ṣe iṣẹ́ yìí ní abúlé. Ohun tí ìyá wa àgbà fi ń mú omi tutù ni, kò ṣàjèjì.

Ó tó àkókò láti padà sórí dọ́là kan. Ohun tí wọ́n ta ní dọ́là kan kí tálákà lè rí i rà ti di ohun tí òṣìṣẹ́ wa ń fi owó oúnjẹ rà. Láti ilẹ̀ òkèèrè ni ínsúlínì tí a ń lò ti ń wá. Nígbà tí ìjọba sì jọ̀wọ́ iye náírà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iye oògùn fò sókè. Sítíríìpù, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń ki bọ ẹnu ẹ̀rọ tí a fi ń wo ṣúgà, ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó yẹ kí ó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ń wò ó ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Báwo ni a ṣe fẹ́ kí ẹni náà tọ́jú ara rẹ̀? Ojú ni kò fi ríran, a sì ń bínú pé ó kọsẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, ibi tí iṣẹ́ yín wà rèé. Láti ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń gba ₦10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò aládùn, gẹ́gẹ́ bí òfin ìṣúná ọdún 2021. Nígbà tí wọ́n ń gbé e kalẹ̀, ara ìdí tí wọ́n sọ ni pé owó yóò wà fún ọ̀rọ̀ ìlera. Òfin ọdún 2022 lórí ìbánigbófò ìlera sọ pé ó di dandan kí gbogbo ènìyàn wà lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ owó àpò ara wọn ni àwọn tí ó pọ̀ jù lọ ṣì ń fi sanwó ní ilé-ìwòsàn. Bí ẹni tí ń du ipò bá wá sí wọ́ọ̀dù yín, ẹ ti gba ìrẹsì àti fìlà lọ́wọ́ rẹ̀ tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ínsúlínì àti sítíríìpù wà nínú ohun tí ìbánigbófò ìpínlẹ̀ yín ń sanwó fún, àti ìgò mélòó lóṣù. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ àyẹ̀wò wà ní ilé ìlera alábọ́dé tí ó sún mọ́ yín, àti bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin oògùn ẹni ọgbọ̀n ọdún àti ti ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, tí í ṣe ọjọ́ ìbí Banting, ni ọjọ́ àtọ̀gbẹ lágbàáyé. Àwọn aláṣẹ a máa sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ mú ìbéèrè wọ̀nyí lọ síbẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ sì dúró gba èsì.